Iná Igbó, Igi Páìnì àti Kòkòrò Abẹ́ Èèpo

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn àgbẹ̀ kajú, àwọn ọdẹ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí a sọ ní Ìsánlú ní àkókò ọyẹ́. Mo ti gé àwọn ibi tí mo ti ṣe àwítúnwí kúrò, mo sì fi díẹ̀ lára àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìparí.

Okun o, ẹ̀yin bàbá wa. Okun o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rò ó nínú ara wọn pé kí ló kan ará Yàgbà kan igi páìnì. Igbó páìnì kò sí láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Igi gíga tó máa ń súfèé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ, tó wà lọ́gbà àwọn ilé-ìwé àtijọ́ àti ọgbà ilé ìjọsìn, tí gbogbo wa ń pè ní páìnì, kì í ṣe páìnì rárá. Casuarina ni, ìdílé rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Páìnì gidi tí ìjọba gbìn ní Nàìjíríà, òkè Jọ́ọ̀sì lẹ ó ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀, ìhà Káríbíánì ni wọ́n sì ti mú irúgbìn rẹ̀ wá. Igbó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí tilẹ̀ tún jìnnà ju ìyẹn lọ: ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà ló wà.

Ohun tó gbé e wá sí Ìsánlú ni gbólóhùn kan tí mo máa ń gbọ́ lọ́dọọdún bí ọyẹ́ bá ti mú, tí koríko gbẹ, tí ẹnìkan ṣáná sí igbó nítorí òyà, tí iná náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò jó lóko á ní, "Ẹ jẹ́ kó jó. Ṣebí á bá wa pa gbogbo kòkòrò inú igbó run." Àwọn tó ni igbó páìnì náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ti fi bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣèwádìí rẹ̀, wọ́n sì ti rí i pé iná lè di ẹni tó ń se oúnjẹ sílẹ̀ fún kòkòrò. Bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ ni mo wá sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ kòkòrò náà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Dendroctonus ponderosae. Ó dúdú, ara rẹ̀ le, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 5 péré. Ó ní àwọn ìbátan púpọ̀: ọ̀kan ń jẹ páìnì tí wọ́n ń pè ní ponderosa, ọ̀kan ń jẹ páìnì ìhà gúúsù, ọ̀kan ń jẹ igi Douglas-fir. Oúnjẹ wọn yàtọ̀ díẹ̀, ọgbọ́n tí wọ́n ń dá jọra.

Abo ló máa ń ṣíwájú. Á dá ihò sára èèpo, á gbẹ́ ẹ títí tí á fi kan awọ tútù tó wà láàárín èèpo àti ara igi, níbi tí oúnjẹ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti ewé lọ sí gbòǹgbò. Àwọn tó ń wa egbòogi nínú yín mọ awọ náà, òun lẹ máa ń pè ní èèpo inú. Páìnì kò ní wò ó níran. Ó ní oje kíki tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, oje náà á sì tú jáde láti ojú ihò, á ti kòkòrò náà sẹ́yìn, tàbí kó rì í mọ́ ibẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá dé ìdí páìnì tí wọ́n ń bá jà, ẹ ó rí kókó oje lára èèpo rẹ̀ káàkiri. Ẹ wo àwọ̀ kókó náà dáadáa. Bó bá funfun, tí ẹ rí òkú kòkòrò nínú rẹ̀, igi ló borí. Bó bá pọ́n rúsúrúsú, tí lẹ́búlẹ́bú igi dà pọ̀ mọ́ ọn, kòkòrò ti wọlé.

Ọ̀tá kan ṣoṣo kò lè pa igi ńlá. Ṣùgbọ́n abo tó ti ráyè wọlé máa ń tú òórùn kan jáde tó fi ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, inú oje igi náà gan-an ló sì ti ń rí ohun tó fi ń ṣe òórùn ọ̀hún. Ohun tí igi fi ń gbèjà ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ogun wá bá a. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á ti ya bò ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, oje á sì tán lára rẹ̀. Wọ́n tún máa ń gbé irú olú kan tí ojú kò lè rí sẹ́nu wá, èyí tó ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi. Bí wọ́n bá la irú igi bẹ́ẹ̀ ní pákó, ẹ ó rí àwọ̀ aró nínú rẹ̀. Ìyá á yé ẹyin sí ojú ọ̀nà tó gbẹ́ sábẹ́ èèpo, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa jẹ awọ tútù náà lọ sọ́tùn-ún sósì, títí jíjẹ wọn á fi yí igi po. Igi náà ti kú nìyẹn, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ọdún kejì ni ewé á pọ́n, lẹ́yìn náà á rẹ̀ dànù, igi á wá dúró lásán. Lórí òkè tó tutù, ìran kan ni kòkòrò yìí sábà máa ń bí lọ́dún. Ìbátan rẹ̀ ti gúúsù, níbi tí ooru pọ̀ sí, lè bí ìran 7 lọ́dún kan ṣoṣo.

Ẹ rí i pé orí oje ni gbogbo ìjà náà wà. Igi tí oje rẹ̀ bá ń ṣàn dáadáa, díẹ̀ ni kòkòrò tó lè rí i gbéṣe. Igi tí oje bá ti gbẹ lára rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀.

Ó yá, iná dé.

Èrò àkọ́kọ́ tó máa ń wá síni lọ́kàn ni pé iná á jó kòkòrò pa níbi tó wà. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, níbi tí iná bá ti le débi pé ó sun èèpo kan inú. Ṣùgbọ́n iná igbó kì í jó báyìí níbi gbogbo. Ó máa ń sáré kọjá lórí ewé gbígbẹ ní ìdí igi, ó máa ń lá ẹsẹ̀ igi, ó sì máa ń kọjá lọ. Páìnì tó ti dàgbà ní èèpo tó nípọn, ooru kì í tètè wọ inú rẹ̀, kòkòrò tó wà lábẹ́ rẹ̀, lókè, níbi tí ọwọ́ iná kò tó, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Igi gan-an ló máa ń fara gbá a. Ooru lè pa apá kan nínú awọ tútù abẹ́ èèpo, ó lè pa gbòǹgbò tó sún mọ́ òkè ilẹ̀, ó lè mú ewé orí rọ. Igi tí ìdajì ewé rẹ̀ bá rọ, ìdajì oúnjẹ rẹ̀ ló ti lọ, kò sì ní rí ohun tó máa fi ṣe oje tó pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ òórùn tún wà níbẹ̀, èyí sì máa ń yà mí lẹ́nu nígbàkígbà tí mo bá ń sọ ọ́. Awọ igi tí iná bá bà jẹ́, tí kò lè mí bó ṣe yẹ mọ́, máa ń ṣe ọtí. Mo ní ọtí o! Ohun kan náà tó wà nínú ẹmu tó ti kan, tó ń pa èèyàn. (Ẹ̀rín sọ níbí, bàbá kan sì ní òun ti mọ ìdí tí àwọn kòkòrò kan kì í fi kúrò nídìí igbá ẹmu òun.) Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Rick Kelsey, tó ṣiṣẹ́ ní Oregon, wọn ọtí tó wà lára páìnì ponderosa lẹ́yìn iná. Ó rí i pé bí ọṣẹ́ tí iná ṣe fún igi bá ṣe pọ̀ tó ni ọtí ara rẹ̀ ń pọ̀ tó, àti pé àwọn kòkòrò kan ń tẹ̀ lé òórùn náà wá. Ọtí yìí àti òórùn oje, tí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú afẹ́fẹ́, ń kéde fún kòkòrò pé aláìsàn kan wà níbí.

Kí ẹ má wá rò pé igi tí iná bá jó jù ni kòkòrò fẹ́ràn jù. Igi tó jóná ráúráú kò wúlò fún un. Awọ tútù tó jẹ́ oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ti jinná tàbí ó ti gbẹ gan-gan, ebi á pa ọmọ tó bá bí síbẹ̀. Igi tí iná kò bà jẹ́ ní oje tó máa fi lé e. Igi tí iná fọwọ́ bà, tó pa lára, àmọ́ tí kò pa á kú, lóun ń wá. Ó ṣì ní oúnjẹ lára, kò sì lè jà mọ́. Àwọn tó ń ka igi lẹ́yìn iná ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà mọ èyí dáadáa: bí ọdún kan bá kọjá lẹ́yìn iná, àwọn igi tí ẹ rò pé wọ́n yè bọ́ lẹ ó tún máa rí tí wọ́n ń kú, fún bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù ni iná Yellowstone ní 1988. Ọgbà ìjọba ni Yellowstone, ó tóbi gan-an, Wyoming ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Ọ̀dá mú lọ́dún náà, mànàmáná dá iná kan sílẹ̀, ọwọ́ èèyàn dá òmíràn, afẹ́fẹ́ sì ń gbé wọn kiri. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn panápaná jà títí, wọn ò rí i pa. Yìnyín àti òjò tó rọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ló paná náà. Nígbà tí wọ́n wọn ilẹ̀ tó jó nínú ọgbà náà, ó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 321,000, ìdá 36 nínú 100 gbogbo ọgbà.

Àwọn onímọ̀ kòkòrò wọ inú igbó náà lẹ́yìn iná, wọ́n ń ṣí èèpo igi wò fún ọdún mélòó kan. Igi Douglas-fir tí iná sun lẹ́sẹ̀, kòkòrò tirẹ̀ ti ya bò ó. Páìnì tí wọ́n ń pè ní lodgepole, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kòkòrò kékeré mìíràn tó ń jẹ́ Ips ló jẹ ẹ́. Dendroctonus ponderosae, ọ̀gá wọn tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, kò fi bẹ́ẹ̀ yà síbẹ̀. Èèpo lodgepole fẹ́lẹ́. Iná tó bá kan ìdí rẹ̀ á sun awọ tútù náà yí ká, kò sì ní ṣẹ́ oúnjẹ gidi kù fún ọ̀gá náà. Iná kan náà, igbó kan náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igi kan kò ṣẹlẹ̀ sí èkejì tó wà nítòsí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ara mi kì í fi í gba gbólóhùn "iná ń pa kòkòrò" tàbí "iná ń mú kòkòrò wá" lásán. Irú igi wo? Irú iná wo? Báwo ni òjò ṣe rọ̀ lọ́dún náà?

Láti 1927 ni Miller àti Patterson ti kọ ìwádìí jáde lórí páìnì ponderosa. Kòkòrò tó ń jẹ páìnì náà ya wọ ilẹ̀ tí iná jó, àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi dínkù. Igi tí iná bà jẹ́ fà wọ́n mọ́ra, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sínú rẹ̀ kò yè tó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, iná nìkan kì í sábà dá àjàkálẹ̀ sílẹ̀. Tí ọ̀dá bá wá tẹ̀ lé iná, tí igi tí kò jó náà ń gbẹ lọ́fun, ọ̀rọ̀ á yí padà. Láàárín 2012 sí 2016, ọ̀dá mú California débi pé igi tó kú níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 100, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ páìnì ponderosa tí kòkòrò jẹ pa lórí òkè Sierra Nevada. Àìrí omi mu ló gba oje lára wọn. Iná kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà níbí. Àwọn kòkòrò kan wà tí iná gan-an ni wọ́n ń lépa. Melanophila lorúkọ wọn. Wọn kì í ṣe ẹbí kòkòrò abẹ́ èèpo tí a ti ń sọ bọ̀, inú igi tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ni wọ́n ń yé ẹyin sí, nítorí irú igi bẹ́ẹ̀ kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Ní ìhà méjèèjì àyà wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àárín, ihò kótópó kan wà tó kún fún ohun tó ń mọ ooru iná láti ọ̀nà jíjìn, bí ojú tilẹ̀ kò tíì rí iná náà. Ìwo wọn sì ń gbọ́ òórùn èéfín. Ní 1925, tánkì epo rọ̀bì ńlá kan gbiná nítòsí Coalinga ní California, níbi tí kò sí igbó páìnì rárá. Kòkòrò wọ̀nyí dé síbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Igbó tí wọ́n lè ti wá lé ní kìlómítà 80 síbẹ̀. Ìtàn kejì pani lẹ́rìn-ín: ní pápá ìṣeré yunifásítì Berkeley, nígbà tí gbogbo èèyàn ṣì ń mu sìgá nídìí bọ́ọ̀lù, èéfín ẹgbẹẹgbẹ̀rún sìgá ń fa kòkòrò wọ̀nyí wá, wọ́n sì ń bà lé àwọn òǹwòran lọ́rùn, wọ́n ń bù wọ́n jẹ. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Linsley ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1943. Ẹni tó bá ní iná ń lé gbogbo kòkòrò lọ, ẹ bá mi sọ ti Berkeley fún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sójú ọ̀nà.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iná kò ní oore kankan. Ó ní, ó sì ní púpọ̀. Kí òyìnbó tó dé ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, iná kékeré máa ń gba inú igbó ponderosa kọjá ní ọdún díẹ̀díẹ̀ síra. Mànàmáná ń dá a, àwọn onílẹ̀ àtijọ́ náà ń dá a, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ àti ibi tó yẹ. Iná bẹ́ẹ̀ ń jó koríko àti igi wẹ́wẹ́, ó ń fi àwọn àgbà igi sílẹ̀ gedegbe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1910, iná ńlá kan jó nǹkan bíi éékà mílíọ̀nù 3 ní Idaho àti Montana, láàárín ọjọ́ méjì ló sì jó èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀rù bá ìjọba, wọ́n ní iná kankan kò gbọdọ̀ wọ igbó mọ́. Nígbà tó fi máa di 1935, àṣẹ wọn ni pé iná tí wọ́n bá rí lónìí, kí wọ́n ti kápá rẹ̀ kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì. Igi wá ń hù, kò sí ohun tó ń dín wọn kù. Wọ́n fún ara wọn pa, omi ilẹ̀ kò tó wọn pín, oje kò tó lára ẹnì kankan nínú wọn. Oúnjẹ kòkòrò ń pọ̀ sí i nìyẹn, láìsí iná.

Ìwádìí tí Sharon Hood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Montana, tó jáde ní 2015, fi ohun kan kún un. Wọ́n rí i pé iná fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó bá igi wí tí kò pa á lára jù, ń mú kí ponderosa ṣe ọ̀nà oje tuntun sínú ara rẹ̀. Igi tí iná kò tíì fọwọ́ kàn fún ìgbà pípẹ́ ní ọ̀nà oje tó kéré. Nígbà tí kòkòrò ya wọ ilẹ̀ ìwádìí kan ní Montana kan náà, apá ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn pàdánù bí ìdajì ponderosa rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gé igi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ kúrò kí àwọn yòókù lè rí àyè, bóyá wọ́n dáná sí i tàbí wọn kò dáná sí i, fẹ́rẹ̀ẹ́ má pàdánù nǹkan kan.

Ní British Columbia ní Kánádà, ohun mìíràn tún dà pọ̀ mọ́ ọn. Lodgepole tó ti gbó pọ̀ rẹpẹtẹ, nítorí wọ́n ti ń paná fún ìgbà pípẹ́. Òtútù tó máa ń pa ọmọ kòkòrò lábẹ́ èèpo, irú èyí tó ń dé bí ìwọ̀n 40 sábẹ́ òdo, kò mú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990, kòkòrò kótópó tí mo ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn gba inú igbó tó tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 18 kọjá.

Ó tó gẹ́ẹ́ ní ti Amẹ́ríkà. Kí ni tiwa?

Iná tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, ó ń wá lọ́dọọdún. Àwọn igi ilẹ̀ wa tó ti bá a gbé láti ayébáyé, bí emi àti igi irú, ní èèpo tó nípọn, wọ́n sì lè hù padà láti ìdí. Bí ìgbà tí iná dé ti ṣe pàtàkì tó fún wọn, Olókemejì, láàárín Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, ló ti hàn. Ní 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan níbẹ̀: ilẹ̀ kan, wọ́n ń sun ún ní kùtùkùtù ẹ̀ẹ̀rùn kí koríko tó gbẹ tán, ilẹ̀ kejì, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun ún, ilẹ̀ kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná kàn án rárá. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di koríko pẹ̀lú igi díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń sun ní kùtùkùtù ní igi jù ú lọ. Èyí tí iná kò kàn ti ń di igbó dídí. Ẹ̀yin ọdẹ, mi ò ní kí ẹ má pa òyà. Iná oṣù kọkànlá àti iná oṣù kejì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ju mi lọ.

Kajú kì í ṣe emi. Ilẹ̀ Brazil ló ti wá, èèpo rẹ̀ kò nípọn tó ti emi, ewé rẹ̀ tó ń wọ̀ sídìí ara rẹ̀ sì ń di ohun ìdáná. Ìgbà tí iná wa ń gbóná jù ni kajú ń so. Ó ní kòkòrò ajẹgi tirẹ̀. Ẹ ti rí ẹ̀ka kajú tó ṣẹ́ lulẹ̀, tí ojú ibi tó ti ṣẹ́ rí bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ yí i ká. Ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn kan ló ń ṣe é, Analeptes trifasciata lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ó tó sẹ̀ńtímítà 3, ìwo rẹ̀ gùn, ọ̀já aláwọ̀ ọsàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Á jẹ ẹ̀ka yí ká, á yé ẹyin sí apá òkè ibi tó jẹ náà, ọmọ rẹ̀ á dàgbà nínú ẹ̀ka tó ń kú lọ. Ẹ wò ó bó ṣe jọ ti páìnì: òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ẹ̀ka di aláìsàn kí ọmọ rẹ̀ lè rí ibi gbé.

Níbí ni iná ti wúlò, tí a bá lò ó fúnra wa. Ẹ ṣa gbogbo ẹ̀ka tó ṣẹ́ lulẹ̀, ẹ gé èyí tó ń rọ̀ dirodiro lórí igi, ẹ kó o jọ sójú kan tí kò sí koríko, ẹ sun ún títí á fi di eérú. Iná tó ń sáré gba inú oko kọjá kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Á jó koríko, á sọ ẹ̀yìn ẹ̀ka di dúdú, ọmọ kòkòrò á wà nínú rẹ̀ ní àlàáfíà, igi kajú tó dúró á sì fara gbọgbẹ́. Ẹ ro yí oko ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó jinlẹ̀, kí ẹ sì gbá ewé kúrò nídìí igi.

Nínú àwọn ìbéèrè, màmá kan láti ìhà Mọ̀pà sọ pé iná tó wá láti oko ẹlòmíràn mú kajú òun ní apá kan. Àwọn kan ní kí òun gé e lulẹ̀, àwọn kan ní kí òun fi sílẹ̀, á sàn. Èwo ni kí òun ṣe?

Mo ní, ẹ má gé e lónìí, Màmá. Ẹ mú ọ̀bẹ mímú, ẹ họ èèpo rẹ̀ díẹ̀, tóótó bí èékánná, ní ọ̀nà mẹ́rin yí ìdí rẹ̀ ká. Bí èèpo inú bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, tó tutù lọ́wọ́, ó wà láàyè ní ìhà ibẹ̀. Bó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀, tó gbẹ tàbí tó ń rùn kíkan, ó ti kú níbẹ̀. Bí ọ̀nà mẹ́ta bá yè nínú mẹ́rin, ẹ fi í sílẹ̀ títí òjò á fi rọ̀, kí ẹ wo bó ṣe máa rúwé. Ẹ máa yẹ ìdí rẹ̀ wò lóṣooṣù: ẹ wá ihò kéékèèké lára rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú igi nílẹ̀, àti oje tó ń sun jáde níbi tí kò yẹ.

Ọ̀dọ́ kan bi mí pé bí ó bá wá kú yí ká ńkọ́, ṣé kí wọ́n hú u? Rárá. Kajú máa ń hù láti inú kùkùté rẹ̀ bí gbòǹgbò bá ṣì yè. Bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gé e kù bí ìdajì mítà sí mítà kan, kí ojú gígé náà dagun díẹ̀ kí omi má baà dúró lórí rẹ̀. Igi tí ẹ gé sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ nínú oko. Ẹ gbé e lọ dáná, tàbí kí ẹ sun ún lójú kan náà tí ẹ ti sun ẹ̀ka. Ọ̀mùnú á yọ púpọ̀ lára kùkùté náà. Ẹ yan méjì tàbí mẹ́ta tó lágbára jù, tí wọ́n jìnnà síra, kí ẹ sì ré àwọn yòókù dànù.